Wọ́n Ní Onítíátà Lásán Ni Wọ́n

 

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú. Bó bá bí ẹ nínú, ìwọ sáà kà á tán kí o tó dáhùn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń ti ẹnu kan bọ́ sí òmíràn láàrin àwa Mùsùlùmí, pàápàá láàrin àwọn ọ̀dọ́ tí ìtara ẹ̀sìn ń bẹ lọ́kàn wọn. Bí a bá ti dárúkọ àwọn tí ń kọ́ ọmọ àdúgbò ní eré ìtàgé, ohun tí a óò gbọ́ ni pé, "Onítíátà ni wọ́n jàre. Ìranù ni wọ́n ń kọ́ ọmọ." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń parí sí. Kò sẹ́ni tí yóò béèrè irú eré tí wọ́n ń ṣe, irú ọmọ tí wọ́n ń kọ́, tàbí ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ náà ká ní wọn kò sí níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan nígbà tí wọ́n mú àwọn aṣáájú Tíátà Òmìnira ti ìlú Jenin ní Palẹsítínì, ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Àwọn kan náà tí wọ́n gbé àsíá Palẹsítínì sójú fóònù wọn ni wọ́n tún ń sọ pé, "Ṣé àwọn onítíátà yẹn? Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn."

Mo fẹ́ gbé ẹjọ́ náà síwájú yín bó ti rí.

Àgọ́ ogúnléndé Jenin wà ní apá àríwá Ìwọ̀-Oòrùn Odò Jọ́dánì. Ọdún 1953 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó fún àwọn ìdílé tí ogun ọdún 1948 lé kúrò ní oko àti ilé wọn. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò fẹ̀ rárá. Ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn ín já láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Orí ilẹ̀ kékeré yẹn ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti ń bímọ, tí wọ́n ti ń tọ́ wọn, tí wọ́n ti ń sin òkú, láti ayé bàbá àgbà títí dé ayé ọmọ-ọmọ. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ mọ ọkọ̀ ológun tó ń wọlé lóru. Ó mọ ilẹ̀kùn tí wọ́n já wọlé láìkàn. Ó mọ ẹ̀gbọ́n tó jáde láàárọ̀ tí kò padà wálé.

Nígbà tí àwọn ará Palẹsítínì dìde ní ìparí ọdún 1987, ìjọba ológun ti àwọn ilé-ìwé pa. Ẹ̀yin òbí, ẹ fojú inú wò ó. Ọmọ ọdún mẹ́jọ, kò sí ilé-ìwé, kò sí pápá ìṣeré, òkúta nìkan ló wà nílẹ̀. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Arna Mer-Khamis wọ inú àgọ́ náà, ó tẹ́ ìwé àti ọ̀dà sílẹ̀ lẹ́bàá títì, ó ní kí àwọn ọmọ wá ya ohun tó ń bẹ lọ́kàn wọn. Yẹhúdì ni obìnrin yìí. Nígbà èwe rẹ̀, ó wà lára àwọn tó jagun ní ọdún 1948 ní ẹ̀gbẹ́ àwọn tó gba ilẹ̀. Ó kọ ìwà náà sílẹ̀ lẹ́yìn náà, ó fẹ́ ọmọ Palẹsítínì, ó sì dúró ti àwọn tí wọ́n ń ni lára títí ó fi kú. Láti ẹ̀bá títì yẹn ni iṣẹ́ náà ti di ilé tí àwọn ọmọ ti ń kàwé, tí wọ́n ti ń yàwòrán, tí wọ́n sì ti ń ṣeré. Ní ọdún 1993, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn kan tí à ń pè ní Right Livelihood ní orílẹ̀-èdè Sweden. Kò fi kọ́ ilé fún ara rẹ̀. Tíátà kékeré ló fi ṣe fún àwọn ọmọ àgọ́. Abiyamọ kan níbẹ̀, Samira Zubeidi, ló yọ̀ǹda òkè ilé rẹ̀ fún un kí àwọn ọmọ lè rí ibi ṣeré. Mùsùlùmí ni Samira, ará àgọ́ ni, àwọn ọmọ tirẹ̀ sì wà lára àwọn tó ń gun pèpéle náà. Ẹ fi orúkọ rẹ̀ sọ́kàn.

Arna kú ní ọdún 1995, iṣẹ́ náà kò sì lágbára mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2002, ogun ńlá wọ Jenin. Ìròyìn àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ pé ó kéré tán, ará Palẹsítínì 52 ló kú, ọmọ ogun Ísírẹ́lì 23 náà sì kú. Katakata wó àárín àgọ́ palẹ̀, tíátà náà sì bá a lọ. Samira ti kú ṣáájú, ìbọn ló pa á. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọkùnrin tí Arna kọ́ ti dàgbà di ẹni tó gbé ìbọn, wọ́n sì kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn lọ sí ìlú Hadera ní ọdún 2001, ó yìnbọn lu àwọn tí ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ wọn lójú títì, obìnrin mẹ́rin kú. N kò ní fi èyí pamọ́ fún yín. Ẹ̀sìn wa kò gba pípa obìnrin tí kò gbé ohun ìjà, ẹni yòówù kó ṣe é, ohun yòówù kí ojú rẹ̀ ti rí.

Àwọn alátakò máa ń gbá ibẹ̀ yẹn mú. Wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i? Tíátà náà kò gbà wọ́n là." Ó yẹ kí ojú ti ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan ṣoṣo ló dúró ti àwọn ọmọ wọ̀nyẹn fún ọdún mélòó kan, ó kú, iṣẹ́ rẹ̀ rọ, ogun sì dé. Kí ni òun ìbá tún ṣe? Bí dókítà bá kú, tí aláìsàn rẹ̀ sì kú lẹ́yìn ọdún méje láìrí dókítà mìíràn, ṣé dókítà àkọ́kọ́ la ó wá pè lẹ́jọ́?

Juliano, ọmọ Arna, padà sí àgọ́ lẹ́yìn ogun náà láti wá àwọn ọmọ tí ìyá rẹ̀ kọ́. Fíìmù tó ṣe nípa wọn, tó jáde ní ọdún 2004, ni ayé fi mọ ìtàn yìí. Ní ọdún 2006, òun àti Zakaria Zubeidi, pẹ̀lú Jonatan Stanczak tó ti Sweden wá, ṣí Tíátà Òmìnira nínú àgọ́ náà. Ọmọ Samira ni Zakaria. Ó ti di ọ̀gá láàrin àwọn tó ń fi ìbọn jà, ẹni tí Ísírẹ́lì ń wá kiri, síbẹ̀ òun ló ní kí àwọn tún gbé pèpéle tí ìyá òun fi òkè ilé ṣe dìde. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ibẹ̀ ní eré, ní fọ́tò yíyà, ní bí a ṣe ń fi fíìmù sọ ìtàn, títí kan ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn tó fẹ́ fi eré ṣe iṣẹ́.

Àwọn tí wọ́n ń pè ní oníranù nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá gbọ́ ẹ̀sùn wọn. Èyí tó yá lẹ́nu jù ni pé Yẹhúdì àti aláìnígbàgbọ́ ló dá ohun náà sílẹ̀, nítorí náà kò lè sí àlùbáríkà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ èyí, mo fẹ́ kó jókòó ka ìtàn Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) dáadáa. Nígbà tó ti Tọ́ífù bọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n sọ ọ́ lókùúta, ta ló fún un ní ààbò tó fi wọ Mẹ́kà? Mut'im ọmọ Adiyy ni, abọ̀rìṣà ni Mut'im títí ó fi kú. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló gbé idà dúró yí Kábà ká. Ànábì kò gbàgbé oore náà. Lẹ́yìn ogun Bádírì, ó jẹ́ kó yé àwọn èèyàn pé ká ní Mut'im wà láàyè tó sì bẹ òun nítorí àwọn ẹlẹ́wọ̀n, òun ìbá fi gbogbo wọn lé e lọ́wọ́. Nígbà hìjírà ńkọ́? Ẹni tó fi ọ̀nà aṣálẹ̀ han òun àti Àbúbákárì kì í ṣe Mùsùlùmí. Ànábì kò bi afọ̀nàhàn náà pé kí ni ìgbàgbọ́ rẹ̀ kó tó gun ràkúnmí. Ó mọ ọ̀nà, ó ṣe é fọkàn tán, ó tó. Obìnrin tó wọ àgọ́ àwọn ọmọ Mùsùlùmí nígbà tí ìbọn ń dún, tó ná owó ẹ̀bùn rẹ̀ lé wọn lórí, a kò ní kí ẹ kí ìrun lẹ́yìn rẹ̀. Oore ló ṣe. Àìmoore kì í ṣe ara sùná.

Ẹ̀sùn kejì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ: pé eré ìtàgé jẹ́ irọ́, nítorí ènìyàn ń sọ ohun tí kì í ṣe, ó ń jẹ́ ẹni tí kì í ṣe. Àwọn onímímọ̀ kan sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Shaykh Bakr Abu Zayd kọ odidi ìwé lórí rẹ̀, ẹni ọ̀wọ̀ sì ni. Àwọn onímímọ̀ mìíràn bíi Yusuf al-Qaradawi gbà pé ó tọ́, bí ó bá ti ní gbèdéke. Ọ̀rọ̀ tí ẹnu àwọn àgbà kò kò lé lórí ni. Ẹni tó bá sì gbà pé kò tọ́, tó sá fún un, tó mú ọmọ tirẹ̀ kúrò níbẹ̀, n kò bá a jà. Ẹni tí mò ń bá jà ni ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà ń jiyàn lé lórí di ìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ ṣàánú ẹ̀dá.

Àti pé, ẹ jẹ́ ká ro ọ̀rọ̀ irọ́ yìí wò. Hádíìsì tí Úmárù gbà wá, tí gbogbo ọmọ kéwú mọ̀, èyí tó wà nínú ìwé Muslim: ọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun gbòò, irun dúdú, kò sí eruku ìrìn-àjò lára rẹ̀, ó jókòó ko Ànábì lójú, ó ń bi í ní ìbéèrè lórí ẹ̀sìn. Bí Ànábì bá ti dáhùn, á ní òótọ́ lo sọ, ìyẹn ló ya àwọn Sàábé lẹ́nu. Lẹ́yìn tó lọ ni Ànábì tó sọ fún wọn pé mọláíkà Jibril ni, ó wá kọ́ yín ní ẹ̀sìn yín. Ẹni tó mọ ìdáhùn ló wọ aṣọ ẹni tí kò mọ̀, ó jókòó bí akẹ́kọ̀ọ́, kí àwọn tó ń wò ó lè kẹ́kọ̀ọ́. Kí ni ẹ fẹ́ pe ìyẹn? Ẹ tún lọ wo Súrà Sād, ibi tí àwọn méjì ti gun ògiri wọlé tọ Ànábì Dáwúdà pẹ̀lú ẹjọ́ àgùntàn. Ọ̀pọ̀ àwọn olùtúmọ̀ Àlùkùránì sọ pé mọláíkà ni wọ́n, kò sí àgùntàn kankan, ẹ̀kọ́ ni wọ́n gbé wá. N kò sọ pé ìwọ̀nyí sọ gbogbo eré di hàláàlì. Ohun tí mo sọ ni pé ẹni tó bá ní kíkọ́ ènìyàn nípa fífi nǹkan hàn án lójú jẹ́ irọ́ nínú ara rẹ̀, kó ṣọ́ra kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ má lọ bá ẹni tí kò rò.

Ó tún ku ti ilé wa níhìn-ín. Ẹ̀yin áàfáà wa, ní ọjọ́ wọlímọ̀, kí ni àwọn ọmọ kéwú máa ń ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ka Súrà wọn tán? Wọ́n á bọ́ sí àárín agbo, ọ̀kan á di ọba, ọ̀kan á di ọmọ tó ń sá fún kéwú, ọ̀kan á fi òwú ṣe irùngbọ̀n di bàbá arúgbó, wọ́n á máa fi èdè Lárúbáwá àti Yorùbá sọ̀rọ̀, gbogbo wa á máa rẹ́rìn-ín, àwọn òbí á máa ná owó lé wọn lórí. Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní tíátà. Bí ọmọ kan náà bá lọ ṣe ohun kan náà ní gbọ̀ngàn àdúgbò lọ́jọ́ Sátidé lábẹ́ olùkọ́ tí kò wọ jálàbíà, ó di ìranù. Ṣé jálàbíà olùkọ́ ló ń sọ eré di hàláàlì ni?

Ẹ̀sùn kẹta ni ọkùnrin àti obìnrin lórí pèpéle kan náà, àti àwọn eré tí kò bá ìlú mu. Níhìn-ín, mo dúró ti àwọn alátakò ní apá kan. Ní ọdún 2009, tíátà Jenin ṣe eré Animal Farm, nínú èyí tí ẹlẹ́dẹ̀ ti jẹ́ olórí. Àwọn kan nínú àgọ́ bínú pé wọ́n gbé ọmọ Mùsùlùmí wọ àwọ̀ ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn kan bínú nítorí àwọn ọmọbìnrin. Bàbá tó ní òun kò fẹ́ kí ọmọ òun ṣe é, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, àwọn tí ń darí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ, nítorí àwọn òbí ló ni ọmọ, ìlú ló ni gbọ̀ngàn. Olùkọ́ tó bá rò pé òun mọ ohun tó dára fún ọmọ ju ìyá rẹ̀ lọ, tí kò sì fẹ́ jókòó bá ìyá náà sọ̀rọ̀, kì í ṣe olùkọ́ àdúgbò, àlejò lásán ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n fi bá wọn jà. Wọ́n gbìyànjú láti sun tíátà náà níná. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹrin ọdún 2011, ẹnìkan tó bo ojú rẹ̀ yìnbọn pa Juliano Mer-Khamis nínú ọkọ̀ rẹ̀ nítòsí tíátà náà, ọmọ rẹ̀ kékeré wà nínú ọkọ̀ náà. Wọn kò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ikú náà. N kò ní sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ló fà á, nítorí pé ẹ̀rí ni à ń fi dájọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lẹ́yìn ikú rẹ̀, mo ti gbọ́ ọmọ Mùsùlùmí tó ní, "Ó fọwọ́ ara rẹ̀ fà á." Ìwọ tó sọ bẹ́ẹ̀, lọ ṣí Súrà Māidah, ka àyà kejìlélọ́gbọ̀n, wo bí Ọlọ́hun ṣe wọn ẹ̀mí ẹnìkan ṣoṣo, kí o wá sọ fún mi ibi tí o ti rí i kà pé ẹ̀mí onítíátà kò sí nínú ìwọ̀n náà.

Mo rántí Moustapha Akkad. Ọmọ Áléppò ní Síríà ni. Òun ló ṣe fíìmù The Message, tó jáde ní ìgbà tí ọdún 1976 ń lọ sí 1977, tó sọ ìtàn bí Ìsìláàmù ṣe bẹ̀rẹ̀ láìfi àwòrán Ànábì tàbí ohùn rẹ̀ hàn níbì kankan. Mélòó nínú wa ni kò tíì wò ó nínú oṣù Ràmàdáànì? Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ló jẹ́ pé ojú Bilali tí wọ́n gbé òkúta lé láyà ni wọ́n kọ́kọ́ rí nínú fíìmù yẹn, kí wọ́n tó kà á nínú ìwé? Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2005, àwọn tó ń pe ara wọn ní ajagun ẹ̀sìn ju bọ́ǹbù sí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ní Amman, ní Jọ́dánì. Akkad àti ọmọbìnrin rẹ̀ wà lára àwọn tó kú. Ẹni tó fi eré sọ ìtàn Ìsìláàmù fún ayé, àwọn tó ní àwọn ń gbèjà Ìsìláàmù ló pa á. Ìbọn kì í ti ọ̀run já bọ́. Ẹnu ló kọ́kọ́ máa ń lọ, pé ẹ̀mí lágbájá kò já mọ́ nǹkan, kí ọwọ́ tó tẹ̀ lé e.

Ó ku èyí tí àwọn bàbá máa ń sọ jù: "Kí ni yóò wúlò fún? Kó lọ máa ka Àlùkùránì rẹ̀." Àlùkùránì ni ìpìlẹ̀, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti kéwú láàárọ̀ ṣì ní ọ̀sán, ó ṣì ní ìrọ̀lẹ́. Ahmed Tobasi jẹ́ ọmọ àgọ́ Jenin. Ọ̀dọ́langba ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí wọ́n mú un lọ sẹ́wọ̀n, ó sì lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀. Ẹ mọ ohun tí ẹwọ̀n máa ń sọ ọ̀dọ́ dà, a ní irú wọn ní àdúgbò wa níbí náà. Nígbà tó jáde, Tíátà Òmìnira gbà á, wọ́n kọ́ ọ níṣẹ́. Ó lọ sí Norway, ó kàwé sí i, ó lè jókòó síbẹ̀ kó máa jẹ ayé rẹ̀. Ó padà sí Jenin, ó di ẹni tí ń kọ́ àwọn ọmọ tó dà bí òun ti rí tẹ́lẹ̀. Ìwọ bàbá tó ń béèrè ìwúlò, bí wọ́n bá mú ọmọ rẹ lọ́dún 17, tó sì jáde ní 21, irú ọwọ́ wo lo fẹ́ kó bọ́ sí?

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára nìyí. Àwọn ọmọ wa níbí kò sí lábẹ́ ìbọn, ìyẹn tó ohun tí à ń dúpẹ́ fún, ṣùgbọ́n lẹ́yìn àsàlátù ọjọ́ Sunday, níbo ni wọ́n wà? Ilé tẹ́tẹ́ kún. Fóònù wà lọ́wọ́ wọn di ààjìn òru. Ẹni tó ń wá wọn kiri láti fi wọ́n ṣe jàgùdà orí íntánẹ́ẹ̀tì kò sinmi lọ́jọ́ kan. A fi gbogbo àyè yẹn sílẹ̀, a wá ń sọ òkò ọ̀rọ̀ lu àwọn díẹ̀ tó ṣí gbọ̀ngàn, tí wọ́n kó ọmọ jọ, tí wọ́n ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè dìde dúró kí wọ́n sọ̀rọ̀ tí àyà wọn kò ní já, tí wọ́n ń kọ́ wọn láti fojú ẹlòmíràn wo ayé. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Lọ́dọọdún la sì ń ráhùn pé fíìmù Yorùbá kò lo àwa Mùsùlùmí dáadáa. Òótọ́ ni. Bí áàfáà bá jáde nínú fíìmù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ohun tó ń ṣe ju kó tẹ yanrìn, kó ṣe oògùn owó, kó sì tan obìnrin oníbàárà lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn wá, a sì ń ṣe wáásì lé e lórí. Ta ló fẹ́ yí i padà? Ọmọ Mùsùlùmí tó lẹ́bùn, tó lè kọ ìtàn áàfáà olódodo kan, a ti lé e kúrò lórí pèpéle láti ọmọ ọdún mẹ́wàá. A sọ fún un pé ọ̀run àpáàdì ni ọ̀nà yẹn ń lọ. Ó gbọ́ràn, ó jókòó sílé. Ẹlòmíràn tí kò mọ̀ wá, tí kò fẹ́ràn wa, gba kálámù náà, ó ń kọ ohun tó wù ú nípa wa. À ń sunkún pé wọ́n ba wá lórúkọ jẹ́, nígbà tó jẹ́ àwa fúnra wa la gba kálámù lọ́wọ́ ọmọ wa.

Sí ẹ̀yin tí ẹ ń darí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní àárín wa, n kò ní yọ̀ yín sílẹ̀ pátápátá. Ìdánrawò tó bá gba àkókò ìrun Lásárì àti Màgàríbì lójoojúmọ́, ẹ̀ ń fi ọwọ́ ara yín fún àwọn alátakò yín lẹ́jọ́ rò ni. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kírun kó tó padà sórí pèpéle, kò ní ba eré jẹ́. Ẹ má gbé ìjáàbù kúrò lórí ọmọbìnrin nítorí pé ipa tó fẹ́ kó kò bá a mu; ẹ yí ipa náà padà. Àgbà kankan kò gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ àti ọmọ kan ṣoṣo, ì báà jẹ́ olùkọ́ tí gbogbo ayé fẹ́ràn. Owó tí àwọn aláàánú bá fi ránṣẹ́ nítorí àwọn ọmọ, kí àwọn òbí rí àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ẹ má sì máa ya fọ́tò ìyà ọmọ kiri láti fi wá owó, nítorí ọmọ náà yóò dàgbà lọ́jọ́ kan, yóò sì rí i.

Ẹ̀yin òbí, ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi lọ wò ó. Ẹ má jókòó sílé kí ẹ máa gbọ́ àhesọ. Ẹ lọ jókòó sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ní ọjọ́ ìdánrawò kan, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ yín, ẹ bi olùkọ́ ní ìbéèrè. Bí ó bá burú, ẹ mú ọmọ yín kúrò, ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ ní gbangba. Bí ó bá dára, ẹ bá wọn gbé àga.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí oṣù Kejìlá ọdún 2023. Ọjọ́ 13 oṣù náà ni àwọn ọmọ ogun ya wọ Tíátà Òmìnira, wọ́n bà á jẹ́, wọ́n sì ya àmì ìràwọ̀ tiwọn sí ara ògiri. Wọ́n mú Tobasi ní ilé rẹ̀, wọ́n dè é, wọ́n fi aṣọ bò ó lójú. Wọ́n fi í sílẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Wọ́n mú Mustafa Sheta, olùdarí àgbà tíátà náà, àti ọ̀dọ́ òṣèré kan tó kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Wọn kò fi Sheta sílẹ̀. Òfin kan wà níbẹ̀ tó gba ológun láyè láti ti ènìyàn mọ́lé fún oṣù mẹ́fà láìfi ẹ̀sùn kàn án, láìjẹ́ kó rí ẹ̀rí tí wọ́n ní, kí wọ́n sì tún un ṣe bí oṣù mẹ́fà bá pé. Abẹ́ òfin yẹn ni wọ́n tì í mọ́ fún oṣù 15. Kò jagun. Kò ju òkúta. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí iná tíátà wà, kí olùkọ́ rí owó oṣù, kí àwọn ọmọ rí ibi jókòó. Àwọn tó mú un kò pe iṣẹ́ náà ní ìranù o. Wọ́n mọ̀ pé ọmọ tó bá ti kọ́ bí a ṣe ń sọ ìtàn ara ẹni kì í ṣe é pa lẹ́nu mọ́. Ó jọ pé àwa nìkan ni kò mọ̀.

Oṣù Kẹta ọdún 2025 ni Sheta tó jáde. Nígbà yẹn, àgọ́ tó fi sílẹ̀ ti dahoro. Láti oṣù Kínní ọdún náà ni ogun ti tún wọ Jenin, tí wọ́n lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jáde kúrò nínú àgọ́, tí wọ́n sì wó ilé lọ bẹẹrẹ. Inú àgọ́ yẹn ni tíátà wà. Àwọn ọmọ tó ń wá síbẹ̀ ti fọ́n ká sí abúlé àti ilé ẹbí. Ẹ̀yin lèmọ́mù tí ẹ máa ń dárúkọ Palẹsítínì nínú àdúà Jímọ̀, bí ẹ bá dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, ẹ dárúkọ àwọn olùkọ́ rẹ̀ náà, kí ẹ sì fi àwọn olùkọ́ eré kún un.